Òkúta Ààrò Tí Mo Gbé Gun Òkè Láìsọ̀rọ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ohùn mi kò ju báyìí lọ mọ́. Ẹ ti kúnlẹ̀ gbàdúrà níwájú ihò Màríà ní Arígbó láti àárọ̀ títí eruku fi kún orúnkún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi, kí etí náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Sùsánà, ọmọ ọmọ mi yìí, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun ni kí ẹ bá wí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi níwájú, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Àwọn kan wà lórí òkè ní ilẹ̀ Íńdíà, Pínáà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìdílé ìyá ni ọmọ ń bá lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin àbígbẹ̀yìn ló ń jogún ilé. Láyé àtijọ́, ọkọ á wá sùn lọ́dọ̀ ìyàwó nílé ìyá ìyàwó, bí ilẹ̀ bá mọ́, á padà sí ilé ìyá tirẹ̀."

Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Mo wá ronú pé, áà, àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn mọ ayé jẹ o! Kí ènìyàn ní ìyàwó ní alẹ́, kí ó sì lọ jẹ ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ní àárọ̀, kí ni ó tún kù tí ó ń wá? Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe ìyẹn. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ wà lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé yìí, èyí tí ẹ máa ń ya fọ́tò rẹ̀ tí ẹ kò gùn rí. Mo rò pé àwa nìkan ni orí wa dàrú báyẹn láyé. Àṣé a ní ìbátan ní Íńdíà.

Òkè Ìsá ni a ń pè é. Nígbà tí mo wà ní géńdé, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ ní Dáhómè, ìdílé ṣì pọ̀ lókè níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ló sá gun àpáta nítorí ogun tí ń kó ènìyàn, ogun sì ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ilé wọn kéré, ó fara ti òkúta bí ọmọ tó fara ti ìyá rẹ̀. Láàárọ̀, kí o tó rí ènìyàn kankan, ìwọ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìró ọmọrí odó, lẹ́yìn náà ẹkún ọmọ, lẹ́yìn náà ẹ̀rín àwọn obìnrin níbi kòtò omi inú àpáta. Àpáta ń dá ohùn padà níbẹ̀. Mo kí ènìyàn kan lókè yẹn nígbà kan ní ìrọ̀lẹ́, àpáta kò dá mi lóhùn títí mo fi lọ sùn. Ìgbà tí mo jí ni mo gbọ́ ìkíni mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń rán nínú fóònù ló ń tètè dé?

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lókè náà, ó tẹ́ bí ẹní, ó fẹ̀ tó pápá tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá iṣu. Àwa ọkùnrin la ní oko ní ìsàlẹ̀, ní ìhà Lèmà àti kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣu bá ti gun òkè, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin. Àwọn obìnrin á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n á wá tò ó sórí àpáta. Oòrùn á máa jó o láti òkè, àpáta á máa sun ún láti ìsàlẹ̀. Bí iṣu kò bá tíì gbẹ, tí o bá fi ọ̀kan lu èkejì, á dún pọ̀, bí ẹni fi ọwọ́ gbá ẹrẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, á dún kán-ín bí àwo tó dára. Nínú ọyẹ́, tí gbogbo obìnrin òkè bá ń yí iṣu padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìró rẹ̀ á máa dún dé ẹsẹ̀ òkè, bíi pé àwọn kan ń jẹun nínú àwo tánganran lójú ọ̀run. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ ìlọta ti dé, ó ń pariwo bí ẹni tí ìdí rẹ̀ ń ta. Kò burú.

Nítorí àpáta yẹn ni ilé fi jẹ́ ti obìnrin. Ìyá á fi àpáta sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, òun náà á fi sílẹ̀ fún tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àbígbẹ̀yìn náà ló máa gòkè wá bá a gbé. Àwọn òkè yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, wọ́n máa ń fi wá ṣẹ̀sín lọ́jà pé, "Ẹ wo àwọn ọkùnrin tí ìyàwó gbé níyàwó!" Àwa náà á ní kí wọ́n lọ wo iṣu wọn tó ti hu olú.

Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà gun àpáta ìsáṣu. Kí wọ́n tó to iṣu àkọ́kọ́ sí i, ìyá ilé á da omi tútù sílẹ̀, á bẹ onílé òkè pé kí ó jẹ́ kí oòrùn ràn. Lẹ́yìn náà, á fi ọwọ́ tútù kan náà ṣe àmì àgbélébùú, nítorí gbogbo wọn ló ti gba ìrìbọmi. Àlùfáà òyìnbó bi wọ́n nígbà kan pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ní, "Fadá, iṣu ló pọ̀." Olùkọ́ kan láti ìlú wọ bàtà gun ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó ní ìgbàgbọ́ lásán ni. Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà náà ṣì wà lára àpáta dòní, ó ti di òkúta. Bí ẹ bá lọ, n ó júwe rẹ̀ fún yín.

Ẹ máa fiyè sí èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, torí òun ló gba ìyàwó fún mi. Ní ibi tí ọ̀nà ti yà kí ó tó dé òkè pátápátá, òkúta ńlá kan dúró níbẹ̀, ó dá dúró lórí òmíràn bí ẹyin lórí àwo. Bí a bá fi òkúta lù ú, á dún gan-an-ùn, gbogbo òkè á gbọ́. Òkúta agogo ni. Ẹni tó bá rí òjò tó ń bọ̀ nígbà tí iṣu wà lórí àpáta ló máa lù ú, gbogbo ènìyàn á sì sáré lọ kó iṣu. Nítorí iṣu tí òjò bá pa lórí àpáta, ó ti tán, dúdú ló máa dú, kòkòrò á sì jẹ ìyókù. Oúnjẹ ọdún kan nìyẹn. Ìnàkí kan wà tí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú. Á fi òkúta lù ú, gan-an-ùn, àwọn ènìyàn á sá kúrò lóko lọ sí òkè, ìnàkí á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàdo wọn, á máa jẹun pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ìgbà tí wọ́n mú un, wọ́n ní ó fi èdè Ìdáàṣà wa bẹ̀bẹ̀, ó já geere. Èmi kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ.

Ìyá yín àgbà, Rosalí, kí Ọlọ́run jẹ́ kó sùn re, òun ni àbígbẹ̀yìn ilé tó ni àpáta náà. Bó bá wà níbí, ì bá ti sọ pé n kò tíì sọ òótọ́ kan láti ìgbà tí mo ti jókòó. Níbi kòtò omi ni mo ti rí i. Rárá o, mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí n tó rí i. Mo ru iṣu gòkè wá fún ẹlòmíràn láti Lèmà, abúlé wa ní ẹsẹ̀ òkè, mo gbọ́ ẹ̀rín, mo gbé iṣu náà dé ilé tí kì í ṣe ti ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, Ìyá Orí Òkè, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ.

Ó ní, "Ta ni ó rán ọ ní iṣu?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mààmá, mo ṣìnà ni."

Ó wo iṣu, ó wò mí, ó wo ọ̀nà kòtò omi. Ó ní, "O kò ṣìnà rárá. Gbé iṣu náà lọ fún ẹni tó ni ín. Bí o bá ń padà bọ̀, mú ti ilé rẹ wá."

Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífẹ́ àbígbẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu nìkan. Ààrò ilé wọn ní òkúta mẹ́ta bíi ti gbogbo ayé. Méjì kì í kúrò níbẹ̀ láéláé, ti ilé ni. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọkọ. Inú ààrò ìyá rẹ̀ ló ti máa yọ ọ́, á rù ú lórí láti ilé wọn títí dé ààrò ìyàwó. Bí ọkọ bá kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ á wá gbé òkúta náà padà sí ilé ìyá rẹ̀. Ìyá Orí Òkè ti di opó tipẹ́. Òkúta méjì ló kù fún un, ìdí ìkòkò fífọ́ ló sì fi ṣe ẹ̀kẹta. Bí ènìyàn bá wọ ilé náà, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí ibẹ̀, bí ẹni rí àlàfo eyín.

Òfin gbígbé e kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tó gbé òkúta kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀. Àwọn ará òkè lè sọ ohunkóhun sí i láti mú kí ó lanu, àfi kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Àwọn ará ilé ìyàwó á ti ara wọn mọ́lé, wọn kò gbọdọ̀ yọjú títí òkúta yóò fi kan ààrò. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tàbí tí ó gbé e kalẹ̀, á gbé òkúta padà sí ilé ìyá rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Èmi kò ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Dòsú ni kò jẹ́ kí n ní in. Ẹ̀gbọ́n Rosalí ni, ó ti ń gbé ní ìsàlẹ̀, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan ní Pawinyan, awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí àríwá. Awakọ̀ náà ní aago ọwọ́, ó ní bàtà aláwọ̀, ó sì fẹ́ Rosalí. Kò fẹ́ gòkè wá o, ó fẹ́ kí Rosalí sọ̀kalẹ̀ wá bá òun ni. Dòsú sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mààmá, ayé ti sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà wà nísàlẹ̀, ilé ìwé wà nísàlẹ̀, ilé ìwòsàn wà nísàlẹ̀. Kí lẹ ń ṣọ́ lókè yìí?" Ìyá mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ó wá ní, "Bí ọmọkùnrin Lèmà yẹn bá gbé òkúta rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, a wà lókè. Bí kò bá lè gbé e dé, kí awakọ̀ rẹ máa mú Rosalí lọ, kí o wá kó èmi náà."

Nítorí náà, ọjọ́ tí mo máa gòkè, ọkọ̀ ẹrù náà ti dúró ní ẹsẹ̀ òkè láti àárọ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú òkúta lórí. Awakọ̀ náà gbé ẹsẹ̀ lé fèrèsé, ó tẹ fèrè ọkọ̀, pẹ́ẹ́ẹ̀! Mo fò, òkúta fò, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú un padà. Ó ní, "Ẹ rọra o, ọ̀gá. Mo ní sùúrù."

Ìyá mi ló yan òkúta náà fún mi. Ó fi igi tú iná ká, ó yọ èyí tó dúdú jù, tó ti gbọ́ ọbẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì bí mi. Ó ṣì gbóná nígbà tí ó gbé e lé òṣùká lórí mi. Ó ní, "Máa lọ. Bí wọ́n bá bú mi, má dá wọn lóhùn. N ó bú wọn padà fúnra mi lọ́jọ́ ọjà."

Wọ́n sì bú u. Wọ́n bú bàbá mi, wọ́n bú imú mi, wọ́n bú ọ̀nà tí mo gbà ń rìn. Gbogbo ará òkè ló jáde wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n to ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àgbà pẹ̀lú ọmọ, nítorí irú eré bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lọ́dọọdún. Obìnrin kan ní, "Ọkọ Rosalí, aṣọ rẹ ti tú nídìí o!" Ọwọ́ mi fẹ́ lọ síbẹ̀, mo rántí. Òmíràn ní, "Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ ló ní kí ó wá yá iná." Arúgbó obìnrin kan tí kò ní eyín kankan lẹ́nu gbá àyà mú, ó ń sunkún, ó ní, "Olówó orí mi, báyìí ni o ṣe máa fi èmi àti ọmọ inú mi sílẹ̀?" Gbogbo wọn wó lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín gbé èmi náà, mo tì í mọ́ inú, ó gba imú mi jáde. Wọ́n dúró jiyàn lórí rẹ̀ pé ṣé ohun tó gba imú jáde jẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní rárá, kí n máa bọ̀.

Dòsú, tí a kò kà mọ́ ará ilé náà mọ́ láti ìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀, ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú mi, ó mú ìgò sodabí, ọtí líle wa, lọ́wọ́. "Àna mi, òùngbẹ kò gbẹ ọ́? Sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni' péré. Tàbí kí o sọ pé 'rárá', n ó gbé e kúrò." Òógùn ń wọ̀ mí lójú. Èèrà kan ti bọ́ sí mi lọ́rùn, ó ń rìn kiri bí ẹni ń wá ilé tí yóò rà. Ọrùn mi ti wọlé sínú èjìká. Mo dé ibi tí ọ̀nà yà, mo rí òkúta agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì gbójú sókè láti wo bí ó ṣe kù tó.

Ìgbà náà ni mo rí i. Òjò ni. Kì í ṣe àsìkò rẹ̀ rárá, ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ti gun ẹ̀yìn òkè wá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń bọ̀ láìsí ààrá, láìsí nǹkan. Lábẹ́ rẹ̀, àpáta ìsáṣu funfun báláú. Iṣu gbogbo ìdílé òkè ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọ. Gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà, èmi ni wọ́n ń wò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òkè. Àwọn tó wà nínú ilé kò gbọdọ̀ yọjú. Nínú gbogbo ènìyàn orí Òkè Ìsá lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni ojú mi kọ sí òjò, èmi nìkan náà sì ni ẹnu mi wà ní dídì.

Mo ṣẹ́jú sí wọn. Wọ́n ní, "Ó ń sunkún!" Mo fi ẹnu nà án sí òkè. Wọ́n ní, "Ó ń fẹnu ko Dòsú!" Mo ju orí, débi tí orí tó ru òkúta lè jù mọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ní mo ti ń jó. Dòsú fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí sodabí fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Atẹ́gùn tútù kan ti fẹ́ kan ojú mi.

Ẹ̀yin ọmọ, "òjò" kò gùn. Ó rọrùn lẹ́nu. Bí mo bá pè é, iṣu bọ́ lọ́wọ́ òjò, Rosalí lọ, ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ tó ti ń dúró. Bí mo bá dákẹ́ tí mo ń rìn lọ, Rosalí di tèmi, ebi á sì pa ìyá rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó ń bú mi yìí kí iṣu tuntun tó dé. Mo ro ó. Ẹ má rò pé n kò ro ó. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé nígbà tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í le, mo dúró síbẹ̀ mo ń ṣe ìṣirò.

Mo gbé òkúta kúrò lórí, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo yí sí òkúta agogo, mo fi gbogbo ara mi lù ú.

Gan-an-ùn!

Ẹ̀rín dúró bí ìgbà tí a pa iná. Mo tún lù ú. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan yí ojú sẹ́yìn, ó ké, "Yéè! Iṣu o!" Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó wà nílé lè gbọ́, òkúta ìyá mi sì là sí méjì lọ́wọ́ mi. Ààbọ̀ kan kù sí mi lọ́wọ́. Ààbọ̀ kejì fò kúrò, ó yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀, ó ń lu òkúta dé òkúta. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Gbogbo wọn ti gba ara wọn kọjá, wọ́n ń sáré gòkè, arúgbó tí mo fún lóyún ló ṣíwájú.

Wọ́n kó o. Agbọ̀n, aṣọ, àwo, fìlà, ohun tí wọ́n bá ti rí ni wọ́n fi ń kó o. Ìgbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lu àpáta, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù sílẹ̀ fún un. Ilé Ìyá Orí Òkè ló súnmọ́ jù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn rọ́ wọ̀ pẹ̀lú iṣu. Èmi náà gòkè dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ààbọ̀ òkúta lórí mi. Ṣùgbọ́n Dòsú nà ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Kò wọlé. Òkúta rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ẹ jọ ń gbọ́ bó ṣe ń yí lọ."

Ẹnì kan láti inú ilé ní, "Kò sọ̀rọ̀ ṣá."

"Mo ní òkúta kan ilẹ̀!"

"Èyí tó kan ilẹ̀ kọ́ ló wà lórí rẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn nínú ilé nìyẹn, tí òjò ń rọ̀ sí mi lórí níta. N kò lè gbèjà ara mi, ẹnu mi ṣì wà lábẹ́ òfin. Omi ń gba orí òkúta sọ̀ kalẹ̀, èédú ààrò ìyá mi ń ṣàn dúdú lójú mi. Láti ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀, pẹ́ẹ́ẹ̀, pẹ́ẹ́ẹ̀. Sùúrù awakọ̀ ti ń tán.

Bàbá Àgbà wà nínú ilé, ẹ̀gbọ́n Ìyá Orí Òkè lọ́kùnrin ni, òun ló máa ń parí ẹjọ́ ìdílé ìyá lókè náà. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n rí mi tí mo lanu. Wọ́n ní rárá. Ó bi wọ́n bóyá mo gbé òkúta kalẹ̀. Wọ́n ní mi ò gbé e kalẹ̀, ó bọ́ ni. Ó wá ní, "A kò rí irú èyí rí. N kò ní dá a. Obìnrin ló ni ààrò. Rosalí, ìwọ ló máa dáná lórí rẹ̀. Ààbọ̀ òkúta ni. Ìkòkò rẹ yóò máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, ọbẹ̀ rẹ yóò máa dà sínú iná. Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ tí kò ní kí o bá òun ru nǹkan kan. Wo ìta, kí o sọ èyí tí o fẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Mo lọ sí òkè náà ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin méjì ló fà mí lọ́wọ́ gòkè. Ilé kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa náà sọ̀kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí àwọn bàbá yín nílò ilé ìwé. Dòsú kò purọ́, ayé ti sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ó kàn tètè rí i jù wá lọ ni. Koríko ti hù yí àpáta ìsáṣu ká. Mo bọ́ bàtà kí n tó gùn ún, àwọn ọmọkùnrin náà ń wò mí. Mo fetí sílẹ̀ láti gbọ́ ìró iṣu. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Pàràkú nìkan ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀kalẹ̀, a pẹ́ níbẹ̀ o. A pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá yín àgbà fi mọ bí a ti ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò tó fì, tí ẹ̀kán kan kò ní bọ́. Ìgbà tí a kọ́ ilé nísàlẹ̀ tí ìkòkò dúró déédéé, ọbẹ̀ dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ti mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ bó ṣe sọ ọ́.

Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ti ọwọ́ Dòsú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń ti aṣọ ojú ilẹ̀kùn. Ó wò mí. Ó wo ààbọ̀ òkúta, ó wo èédú tó ti sọ mí di egúngún. Kò rẹ́rìn-ín, òun tí ẹ̀rín kì í wọ́n fún. Ó kàn yà fún mi kí n kọjá.

Mo wọlé. Iṣu kún ilé dé orúnkún, ènìyàn jókòó lé orí iṣu. Ìyá Orí Òkè fi ẹsẹ̀ ta ìdí ìkòkò fífọ́ kúrò lójú ààrò. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ààbọ̀ òkúta ìyá mi sí àyè náà. Rosalí gbé ìkòkò lé e. Ìkòkò fì, ó fì, ó sì dúró.

Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi, nítorí òfin ti tú, ọ̀rọ̀ tí ọkọ bá sì kọ́kọ́ sọ nínú ilé ìyàwó kì í sọ nù lókè yẹn, ọmọ àti ọmọ ọmọ á máa rántí rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kan láti ilé, mo ti kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo fi Faransé díẹ̀ sí i. N kò rí ọ̀kankan mú nínú rẹ̀. Eyín mi ń lu ara wọn. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni pé:

"Iṣu yẹn, ṣé ó gbẹ?"

Rosalí bẹ̀rẹ̀, ó mú méjì nílẹ̀, ó fi ọ̀kan lu èkejì létí mi. Kán-ín.

Ó ní, "Iṣu gbẹ. Ìwọ lo tutù. Súnmọ́ iná."